Ìyẹ̀fun fáíbà ò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí omi: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ kì í rí ìgbẹ́ yà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ lónìí o, torí mo ti rí i pé ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ń pa àwọn èèyàn wa lára. Fámásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ìkòròdú, ẹ̀gbẹ́ Sábó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan ò ní wọlé, kó dúró ti ibi tí wọ́n pàtẹ ọṣẹ sí títí gbogbo èèyàn á fi jáde tán, kó tó wá sún mọ́ káńtà kó rọra ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní fún ẹni tí ò rí ìgbẹ́ yà?" Tí mo bá bi í pé ó ti tó ọjọ́ mélòó, á ní ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, àwọn míì á ní ó ti lé lọ́sẹ̀ kan. Tí mo bá wá bi í pé kí ló ti lò, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ pé ojú ti rí nǹkan: ó ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ti mu kásítọ́ ọ́ìlì, ó ti gbé bisacodyl, oògùn tó ń ta ìfun jí kéèyàn lè yàgbẹ́, mì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yàgbẹ́ gbuuru lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, inú kán an bí ẹni pé kó kú, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo ẹ̀ tún ti tì pa.

Nǹkan tí mo máa ń kọ́kọ́ fún irú wọn, tí kò bá sí àmì ewu lára wọn (màá sọ àwọn àmì yẹn níwájú), ni ìyẹ̀fun fáíbà. Fáíbà ni apá ara ewéko àti oúnjẹ tí ara wa ò lè jẹ kó dà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i rí, psyllium husk tí wọ́n ń kó sínú ike tàbí inú ọ̀rá, òun náà ni àwọn tó fẹ́ dín ara kù ń dà sínú kábéèjì tí wọ́n bá fẹ́ fi rokà láìlo gààrí. Àwọn kan rò pé nǹkan ìgbàlódé lásán ni, pé àwọn tó ń polówó lórí Instagram ló gbé e jáde. Rárá o. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ oògùn. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ta á ní Amẹ́ríkà lórúkọ Metamucil, àwọn ará Ìlú Ọba mọ tiwọn sí Fybogel. Inú èso ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Plantago ovata ló ti ń wá, ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Gujarat àti Rajasthan, èèpo tó bo hóró kékeré inú ẹ̀ ni wọ́n ń bó tí wọ́n ń tà fún wa. Èèpo lásán ni o. Kò ní kẹ́míkà kankan tó ń gún ìfun ní kẹ́sẹ́, ara wa ò sì lè jẹ ẹ́ kó dà, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń rìn lọ sísàlẹ̀, ohun tó sì mú kó wúlò gan-an nìyẹn.

Ẹ wo gààrí tí ẹ da omi sí. Tí omi bá pọ̀, ó máa wú, á rọ̀, ẹ lè fi ṣíbí bù ú láìsí wàhálà. Tí omi bá kéré, tí ẹ wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á fa gbogbo omi yẹn mu tán, á dì gbagidi sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Bí psyllium ṣe ń ṣe nínú ikùn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Á mu omi, á wú ní ìlọ́po ìlọ́po, á sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ torí ó ní irú nǹkan tó wà lára ilá àti ewédú tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀. Nígbà tó bá dé ìfun ńlá, ó máa ń di omi yẹn mú mọ́ra, kì í jẹ́ kí ìfun fà á mu tán, torí náà ìgbẹ́ á rọ̀. Bó sì ṣe ń wú yẹn ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ pọ̀ tó ohun tí ìfun lè dì mú, tí yóò máa sún un, tí yóò máa sún un, títí yóò fi débi tó ń lọ. Ìfun tí kò sí nǹkan tó pọ̀ nínú ẹ̀ kò ní nǹkan tó máa ti.

Torí pé iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe, kì í yá bíi tàwọn yòókù. Bisacodyl tí ẹ bá lò lálẹ́, ó lè pè yín dìde láàárọ̀ kùtùkùtù, torí láàárín wákàtí 6 sí 12 ló máa ń ṣe tiẹ̀. Fáíbà yìí, láti wákàtí 12 títí dé 72 ni, ìyẹn ni pé ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ẹ tó rí nǹkan gidi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bọ́ sọnù, wọ́n á lò ó lónìí, tí kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́la wọ́n á ní iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni, wọ́n á padà sídìí àgbo. Àwọn míì ẹ̀wẹ̀ á sọ ọ́ di méjì, wọ́n á sọ ọ́ di mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà kó lè yá, inú á wá wú bí ìlù.

Bọ̀ọ̀dá kan wá bá mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sikiọ́rítì ní Island, ó bínú gan-an, ó ní "Sísítá, ìyẹ̀fun yín yìí ò ṣe nǹkan kan fún mi o, ó tún wá dì í pa ni." Mo ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ má bínú. Omi mélòó lẹ fi mu ún?" Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ìbéèrè tí ò kàn án. Ó ní inú bọ́ọ̀sì lòun ti máa ń lò ó, òun á dà á sẹ́nu, òun á fi mínírà tútù ẹnu kan tì í wọlé. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, omi tó yẹ kó mu yẹn ló ń wá kiri inú yín." Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá lò ó, ó kéré tán omi tó tó mílílítà 240 ló gbọ́dọ̀ bá a wọlé, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Kí èèyàn sì tún máa mu omi míì lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní "Sísítá, tí mo bá mu gbogbo omi yẹn, níbo ni màá ti tọ̀ ọ́ ní Mile 12?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, torí òun gangan lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí fún ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Island. Aago mẹ́rin àárọ̀ ló ti jí, ó ti wẹ̀, ó ti wà ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́, torí tó bá fi pẹ́ díẹ̀ súnkẹrẹ fàkẹrẹ láti Àgíríìkì títí dé Mile 12 á mú un. Bọ́ọ̀sì BRT tí wọ́n gbé wá sọ́nà yẹn ní 2015 dín ìyà náà kù lóòótọ́, àwọn tó sún mọ́ Ìpàkodò náà ń wọ ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú BRT, kò sí nínú dánfó, kò sì sí ẹni tó máa ní kí dírẹ́bà dúró ní Májídùn kóun lọ ṣe gáà. Kí wá ni àwọn èèyàn wa ń ṣe? Wọn kì í mu omi rárá látàárọ̀ títí wọ́n á fi dé ibiṣẹ́. Tí wọ́n bá débẹ̀ tán, àwọn míì ò fẹ́ràn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibiṣẹ́ wọn, ó dọ̀tí, tàbí kò lómi, tàbí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣe é tì. Wọ́n á mú un mọ́ra. Nírọ̀lẹ́ wọ́n tún ti wà lójú ọ̀nà, wọn ò sì ní fẹ́ mu omi torí ọ̀nà tún jìn.

Àárọ̀ yẹn gan-an sì ni ara máa ń pe èèyàn sí ìgbọ̀nsẹ̀ jù. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn: téèyàn bá jí, tó dìde, tó fi nǹkan panu, bí oúnjẹ yẹn bá ṣe ń wọ inú ikùn ni ìfun ńlá náà máa ń jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó wà nílé á dìde á lọ. Ẹni tó ti wà nínú bọ́ọ̀sì lásìkò yẹn á fún ìdí pọ̀, ìpè yẹn á sì lọ. Ó máa ń lọ lóòótọ́, kì í dúró. Àmọ́ ìgbẹ́ ò lọ níbì kankan, ibẹ̀ ló wà, ìfun sì ń fa omi inú ẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, torí iṣẹ́ ìfun ńlá nìyẹn, kó máa gba omi padà. Bó bá ṣe ń pẹ́ tó ló ń gbẹ tó. Téèyàn bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù, fún ọdún, ibi tí ìgbẹ́ máa ń dúró sí á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara dà á, kò tiẹ̀ ní pè é mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Torí náà ohun tí mo sọ fún bọ̀ọ̀dá yẹn ni pé kó má lo fáíbà yẹn láàárọ̀ rárá. Kó lò ó nírọ̀lẹ́ tó bá ti délé, kó tó jẹun alẹ́ tàbí lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú omi dáadáa, nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà nítòsí, àmọ́ kó má jẹ́ pé ó fẹ́ sùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mu ún, torí nǹkan tó ń wú yẹn ò yẹ kó wà lọ́nà ọ̀fun nígbà téèyàn bá dùbúlẹ̀. Mo ní tó bá lè jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú ìgbà tó ń jí, kó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí ògì díẹ̀, kó jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láìkánjú, kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ẹ̀ ga ju ìdí lọ. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń lóṣòó ní ààtàn nìyẹn, ọ̀nà ibẹ̀ á tọ́, ìgbẹ́ á sì jáde láìjẹ́ pé èèyàn ń fi ipá tì í. Mo mọ̀ pé ìdajì wákàtí oorun kì í ṣe nǹkan kékeré fún ará Ìkòròdú. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo sọ ọ́ fún un, torí ara tó ń gbé wa lọ síbiṣẹ́ yẹn náà ló ń gbé wa bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí: kò pọn dandan kéèyàn yàgbẹ́ lójoojúmọ́ o. Àwọn ìyá kan á ti sáré wá torí ọmọ tàbí ọkọ wọn ò lọ lánàá. Láti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó bá ti rọ̀, tí kò mú ìrora wá, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Tí kò bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí tó le bí orí àgbọ̀nrín, tàbí tó jẹ́ hóró hóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, tàbí tó ń ṣe yín bí ẹni pé kò tíì tán nínú yín, ìyẹn la wá ń pè ní àìrígbẹ́yà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọn ìgbẹ́ àwọn èèyàn, wọ́n wo bí oúnjẹ ṣe ń pẹ́ tó nínú wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1972. Wọ́n rí i pé ìgbẹ́ àwọn ará abúlé ní Áfíríkà pọ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ dáadáa, ó rọ̀, oúnjẹ wọn kì í sì í pẹ́ nínú wọn bó ṣe ń pẹ́ nínú àwọn òyìnbó tó ń jẹ búrẹ́dì funfun. Fáíbà inú oúnjẹ ló sọ pé ó fà á. Àwa ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rere nígbà yẹn! Lónìí àwa la wá ń ra èèpo láti Íńdíà. Ẹ wo ohun tí à ń jẹ ní Ìkòròdú níbí: búrẹ́dì funfun láàárọ̀, ìrẹsì funfun lọ́sàn-án, ẹ̀bà tàbí fùfú lálẹ́, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú pọ̀nmọ́, ẹ̀fọ́ díẹ̀ bí ẹni fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ògì pàápàá, a máa ń sẹ́ ẹ ni, eéri tí a yọ kúrò la ń gbé fún ewúrẹ́, fáíbà gan-an ló sì wà nínú eéri yẹn. Ẹ̀wà tí a bá fẹ́ fi ṣe móínmóín tàbí àkàrà, a máa bó èèpo ẹ̀ dànù. N ò ní kí ẹ má jẹ móínmóín o, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Mò ń sọ pé kí ẹ̀wà tí a ò bó wà lórí tábìlì yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó kún abọ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, àgbàdo sísè, kí ẹ jẹ ọsàn tòun ti ẹran inú ẹ̀ dípò kí ẹ kàn fa omi ẹ̀ mu. Ní Amẹ́ríkà ohun tí wọ́n ní kí obìnrin máa jẹ lójúmọ́ tó gíráàmù 25, ọkùnrin 38, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun inú ike yẹn, àfikún ló jẹ́ fún oúnjẹ, kò lè rọ́pò ẹ̀.

Àwọn tó ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé ṣúgà àti nǹkan dídùn ló ń fà á. Ohun tí mo mọ̀ tó ń bà á jẹ́ gidi ni ìgbẹ́ líle àti fífi ipá tì í lórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìdí ló máa ń wú nígbà yẹn, tí ìgbẹ́ gbígbẹ bá wá fi ara họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Tí ìgbẹ́ bá rọ̀, ìdajì wàhálà yẹn á lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ fáíbà fún ẹni tó ní jẹ̀díjẹ̀dí. Àgbo kíkorò tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ gbuuru ò jọ ìyẹn rárá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbẹ èèyàn lómi, ìgbẹ́ tó bá sì tẹ̀ lé e á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó máa fi kún un, kí ẹ má sì kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ike. Inú máa kọ́kọ́ rú díẹ̀, ìsó á pọ̀, ẹ má bẹ̀rù, ó máa ń lọ sílẹ̀ tí ara bá ti mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ tí ẹ bá fi púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ ò ní lè fara dà á. Bí ẹ bá ti pò ó, ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ kí ẹ lọ ṣí gèètì, torí kí ẹ tó dé á ti ki. Ẹ má dà á sẹ́nu ní gbígbẹ láéláé. Nǹkan yẹn lè wú lọ́nà ọ̀fun kó há èèyàn, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn débi pé ní 2007 FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fòpin sí títa èyí tó jẹ́ kóró kóró gẹ́gẹ́ bí oògùn ìgbẹ́ láìsí ìwé dókítà. Tí ẹ bá ń dà á látinú ike kan sínú òmíì, ẹ má fi imú fa eruku ẹ̀, àwọn kan máa ń ní àlẹ́jì sí i, pàápàá àwọn tó ń pò ó fún aláìsàn lójoojúmọ́, ó lè mú kí wọ́n máa mí gùlegùle.

Àwọn tó ń lo oògùn míì, oògùn ṣúgà, oògùn ọkàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn gẹ̀gẹ̀, ẹ fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín òun àti fáíbà, torí nǹkan tó ń yọ̀ yẹn lè gbá oògùn mọ́ra kí ara má rí i gbà tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àìsàn ṣúgà, ẹ yẹ ara ike wò, àwọn kan ti fi ṣúgà po tiwọn kó lè dùn lẹ́nu, ẹ wá èyí tí kò ní. Àwọn aláboyún máa ń bi mí bóyá ó dáa fún wọn, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ (áyọ́ọ̀nù, èyí tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń fún wọn ní kílíníkì máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ wọn gbẹ gan-an. Fáíbà kì í wọnú ẹ̀jẹ̀, torí náà òun wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún aláboyún, àmọ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ má dá a fún un fúnra yín.

Àwọn kan wà tí n kì í tà á fún, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Ìyá kan tó ń ta ẹja wá, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wá. Mo ní "Ẹ káàsán mà, màámi, ẹ kú ọjà." Ó ní "Káàsán, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹ ní ìyẹ̀fun kan." Nígbà tí mo bi wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń lò, ọmọ ẹ̀ yọ tramadol jáde nínú báàgì, ti eegun ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ní omi kì í wu àwọn mu. Mo ní "Màámi, ẹ má bínú mà, èyí kọ́ ló tọ́ sí yín." Oògùn ìrora bíi tramadol àti codeine máa ń jẹ́ kí ìfun sùn ni, kì í ti nǹkan mọ́, tí ẹ bá wá kó nǹkan tó ń wú sínú ìfun tí kò lè tì í, tí omi ò sì sí, ó lè dí wọn pa. Oògùn tó ń ta ìfun jí tàbí èyí tó ń fa omi wọ inú ìfun bíi lactulose ló bá irú wọn mu, dókítà ló sì yẹ kó yàn án. Bákan náà ni ẹni tí oúnjẹ ti ń há lọ́fun, ẹni tí ìfun ẹ̀ ti dí rí, àti àgbàlagbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìgbẹ́ ti dì sí nídìí tó ti dà bí òkúta. Ti irú ẹni yẹn, nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ bá a tú u, ìyẹ̀fun kò lè tú u láti òkè.

Àwọn àmì tí mo ní màá sọ nìyí, tí ẹ bá rí ọ̀kan péré ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Tí inú bá wú, tí ẹ ń bì, tí ìsó gan-an ò jáde mọ́, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ, ẹ má sun ún di ọ̀la. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má kàn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà láìjẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún ni ìgbẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, tó ń jáde tín-ín-rín bí pẹ́ńsùlù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ o, àwọn dókítà ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Àwọn tí kò ní ìkankan nínú ẹ̀, tó ti lo fáíbà yìí bó ṣe yẹ, pẹ̀lú omi, fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ̀yin náà ẹ lọ rí dókítà dípò kí ẹ tún ra ike kejì. Tí ẹ bá ń lọ, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo àti oògùn tí ẹnì kan bá yín rà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù kan kí ẹ gbé e dání, torí ọ̀pọ̀ ìgbà inú láílọ́ọ̀nù yẹn ni dókítà ti máa rí ohun tó ń dí yín.